Ta Ni Kí Ó Ṣe Àkàrà-Ògùn?

Ẹ dá orúkọ Àkàrà-Ògùn sílẹ̀ ní yàrá àlejò kan ní Ẹ́sítéètì Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ béèrè òṣèré tó yẹ kó ṣe é bí wọ́n bá fẹ́ sọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ di fíìmù. Ariwo dé nìyẹn. Bàbá onílé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yóò ní kò sí ẹni tó lè ṣe é mọ́, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti sùn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní FUTA yóò ti dárúkọ Lateef Adédiméjì kí bàbá tó sinmi ẹnu. Ìyá wọn ní tirẹ̀ yóò ní Ọdúnladé Adékọ́lá ni. Àbí wọn kò rí i nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba ni? Kò sí ẹni tí yóò ní òun kò mọ ẹni tó yẹ, nítorí olúkúlùkù ló ti fi ojú kan wọ ọdẹ náà láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀.

Àwọn ará Oǹdó lẹ́tọ̀ọ́ láti jà sí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Ọmọ Òkè-Igbó, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ilé-Ifẹ̀, ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà tó kọ ìwé náà, tí wọ́n bí ní 1903. CMS ló tẹ ìwé náà jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961, kí omi tó gbé òǹkọ̀wé náà lọ ní Wuya, nítòsí Bídà, ní oṣù Kejìlá 1963. Nígbà tí ikú rẹ̀ ń lọ sí àádọ́ta ọdún, Àkúrẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti pàdé ní oṣù Kẹjọ 2013 láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Orí ìtàgé ti gba ìtàn rẹ̀ mọ́ra tipẹ́. Sinimá ni kò tíì fún Àkàrà-Ògùn ní ojú kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá yóò gbà pé òun gan-an nìyí.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ran ẹni tó fẹ́ yan òṣèré lọ́wọ́. Àgbàlagbà ni Àkàrà-Ògùn nígbà tó wá bá akọ̀wé pé kó bá òun kọ ìtàn òun sílẹ̀; ọ̀dọ́mọkùnrin ni nínú ìtàn tó ń sọ. Ó di òṣèré méjì nìyẹn, tàbí kí wọ́n fi ẹfun kun irun ẹnì kan ṣoṣo, èyí tí àwọn òǹwòran wa kì í pẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olóògùn ni bàbá rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, ọwọ́ bàbá sì ni ìyá kú sí. Lẹ́yìn tó ti dá wọ igbó náà, ọba rán òun àti àwọn akíkanjú mìíràn lọ sí Òkè Lángbòdó: Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ arẹwà olórin, Ẹ̀fọ́ìyè tafàtafà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-Ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, àti Àràmàǹdà-Òkùnrin.

Nínú gbogbo wọn, Kàkó ló le jù láti rí òṣèré fún. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ni obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ, ó sì pa á. Fágúnwà kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọdẹ ń bá ọ̀nà wọn lọ. Fíìmù kò lè sáré bẹ́ẹ̀, torí kámẹ́rà yóò ti fi ojú obìnrin náà hàn wá, a ó sì ti gbọ́ ohùn ẹkún rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, olùdarí ṣì fẹ́ kí á máa bá apànìyàn yìí rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, kí á máa fẹ́ kó ṣẹ́gun. Bí wọ́n bá gbé ipa náà fún òṣìgbọnlẹ̀ tó ti ṣe jàǹdùkú nínú ogún fíìmù, òǹwòran yóò kórìíra rẹ̀ títí eré yóò fi parí. Ẹni tí ojú rẹ̀ tutù, tí ìbínú sì ń ba lẹ́yìn ojú náà, ni Kàkó ń fẹ́.

Kí á tó dé ibi sinimá, ayàwòrán ti kọ́kọ́ yan òṣèré tirẹ̀. Nígbà tí ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ti rí àwọn àwòrán náà kò tún lè fọkàn yàwòrán iwin mìíràn. Wálé Ògúnyẹmí fa eré Lángbòdó yọ láti inú ìtàn yìí kan náà, Dàpọ̀ Adélùgbà darí rẹ̀, Nàìjíríà sì gbé e lọ sí FESTAC ní 1977. Níbẹ̀, àwùjọ òṣèré, ijó àti ìlù ló gbé ìtàn náà ró. Ìtàgé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà a máa sún mọ́ ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ojú náà yóò sì jíhìn.

Àwọn eléré alárìnkiri ti dáhùn ìbéèrè ta-ni-yóò-ṣe-é kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: ọ̀gá ẹgbẹ́ ni. Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutùọlá kọ, ó sọ ọ́ di Lànkẹ́ Ọ̀mùtí ní 1963, Demas Nwoko bá a ṣètò rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ sì ni Lànkẹ́. Ọdún kan náà ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde, òun ni Ṣàngó. Hubert Ògúndé ló ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá nínú Àìyé, fíìmù ọdún 1979 tí Ọlá Balógun darí. Ẹni tó ni ọkọ̀ eré, tó ń san owó oṣù, òun náà ni àwọn àjẹ́ ń wárí fún lójú agbo. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ètò yìí dára nígbà tí ọ̀gá bá wà láyé. Ládípọ̀ kú ní 1978, ṣùgbọ́n títí dòní, ẹni tó bá gbé adé Ṣàngó lórí, òjìji ọkùnrin náà ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Láṣọdé ṣe fíìmù Ṣàngó ní 1997, Wálé Adébáyọ̀ ló gbé ipa náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe é. Ara rẹ̀ gbà á, ìdúró rẹ̀ jọ ti ọba. Àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun Ṣàngó tí iná ń gbà jáde, Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Kò sí òṣèré tí ó lè tún àìsí èdè yẹn ṣe, bó ti wù kó dáńgájíá tó.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni gbogbo àgbéyẹ̀wò yìí dá lé. Àwọn ènìyàn inú Fágúnwà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi dá wọn. Kí Àkàrà-Ògùn tó bá iwin jà, yóò ti bá a sọ̀rọ̀; yóò ti pe ara rẹ̀ ní orúkọ, yóò ti júbà, yóò ti halẹ̀, iwin náà yóò sì ti fèsì ní ìlọ́po méjì. Gbólóhùn a máa gùn, a máa yí, a máa kó òwe dání, a sì máa pani lẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Òṣèré tí èémí rẹ̀ kò gùn tó gbólóhùn náà yóò gé e ní gígékúgèé. Ó ṣe tán, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ayé fídíò ni wọ́n ṣe láìsí odidi ìwé eré: olùdarí a sọ kókó ìran náà fún òṣèré, òṣèré a sì fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó. Àwọn ọ̀jáfáfá ti inú àṣà yìí jáde, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ rò Fágúnwà, kò sí Fágúnwà mọ́.

Ẹ wo ohun tí Túndé Kèlání ṣe. Nínú Ó Le Kú (1997), tó mú láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Yẹmí Ṣódìmú ni Àjàní, àwọn tó ti ka ìwé náà nílé ẹ̀kọ́ sì jiyàn títí lórí àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń dìje fún un. Ìyẹn kéré. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), Kọ́lá Oyèwọ̀ ni Lápité ọba. Ipa Ọ̀pálábá, bàbá tó jẹ́ pé òwe ló ń sọ, wọ́n gbé e fún Adébáyọ̀ Fálétí. Akéwì ni Fálétí, òǹkọ̀wé ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Ìwé ìtàn ìjà òmìnira tó kọ, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni Ọlá Balógun àti Adé Love ti sọ di fíìmù Ìjà Òmìnira. Ìtàn rẹ̀ lórí mágùn náà di fíìmù lọ́wọ́ Kèlání ní 2001. Kèlání kò wá ẹni tó lẹ́wà fún Ọ̀pálábá. Ẹnu ló wá, ó sì mọ ilé tó wà.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Ígbò. Wọ́n ti ṣe Things Fall Apart ti Chinua Achebe ní fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n eré tẹlifíṣọ̀n NTA ti 1987 ni àwọn ènìyàn rántí, torí Pete Edochie tó ṣe Okonkwo. Òṣìṣẹ́ rédíò ni Edochie kí orúkọ rẹ̀ tó kàn. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dárúkọ fún Okonkwo ti ń kàbùkù. Nígbà tí ìròyìn kàn ní 2024 pé Idris Elba ni yóò ṣe é nínú eré tuntun kan, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń béèrè ibi tí wọ́n fi àwọn ọmọ Ígbò sí.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bíyí Bándélé fojú winá rẹ̀ nígbà tó yan Thandiwe Newton fún Olanna nínú Half of a Yellow Sun (2013). Àwọn kan fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú pé kò jọ ọmọbìnrin Ígbò. Ó tún ń jà lọ́wọ́lọ́wọ́ lórí Children of Blood and Bone, ìwé tí Tómi Adéyẹmí gbé jáde ní 2018, tó kún fún òrìṣà àti orúkọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí Paramount sì fi oṣù Kìíní 2027 sí fún fíìmù rẹ̀. Thuso Mbedu, ọmọ South Africa, ló gba ipa Zélie. Amandla Stenberg, ọmọ Amẹ́ríkà, ni Amari. Damson Idris, Tosin Cole, Viola Davis àti Chiwetel Ejiofor wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀ ni wọ́n dárúkọ àwọn bíi Ayra Starr àti Richard Mofe-Damijo. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn òṣèré wọ̀nyí kò mọṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe é, nítorí náà ojú àti àwọ̀ nìkan ló kù láti fi jiyàn. Ti Fágúnwà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè pe ọfọ̀ ti já kí àríyànjiyàn àwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bándélé kan náà tún fi ohun mìíràn hàn wá kó tó kú ní oṣù Kẹjọ 2022. Ẹlẹ́ṣin Ọba, tó mú láti inú eré Ṣóyínká, jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e ní Toronto, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó yan Ọdúnladé Adékọ́lá fún Ẹlẹ́ṣin. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ojú Ọdúnladé ni gbogbo ayé ń fi ṣe àwòrán ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n gbàgbé pé aláfẹ́ tó fẹ́ràn ọjà, obìnrin àti ìlù ni Ẹlẹ́ṣin. Aláwàdà ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ikú tó bà á jẹ́. Fún akígbe-oríkì tó ń bá a rìn, tí òun náà ń jẹ́ Olóhùn-Iyọ̀ bí ọdẹ inú Fágúnwà, ó mú Brymo, olórin ni, kì í ṣe òṣèré. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá Olóhùn-Iyọ̀ ti Òkè Lángbòdó, ọ̀nà ti là.

Ọ̀rọ̀ owó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì burú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá nílé. Ojú tí wọ́n mọ̀ lórí pósítà ló ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó rẹpẹtẹ lé igbó, iwin àti aṣọ ayé àtijọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan tí kò lórúkọ ni yóò gbé e. Síbẹ̀, nígbà tí Kúnlé Afọláyan ṣe Aníkúlápó ní 2022, Kúnlé Rẹ̀mí ló fi ṣe Ṣàrò, àlejò ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́. Fíìmù Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ti mọ ọkùnrin náà mọ́ tẹ́lẹ̀. Àjèjì ni lójú àwọn olólùfẹ́ fíìmù Yorùbá, àjèjì sì ni Ṣàrò láàrin ìlú. Ó bá ara mu. Ọgbọ́n ni ìyẹn, yálà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ó ṣèèṣì.

Àwọn kan ní Oǹdó àti Òkè-Igbó yóò ní ọmọ ilẹ̀ náà ni kí wọ́n fi ṣe é, kó sì máa fọ èdè ilé. Ìfẹ́ ìlú ni, ṣùgbọ́n Fágúnwà fúnra rẹ̀ kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò tí ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ìjẹ̀bú lè jọ kà ló fi kọ ọ́. Ibi tí ohùn ilé ti lè wúlò ni ẹnu àwọn ará ìlú tó wá gbọ́ ìtàn lọ́dọ̀ àgbàlagbà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Oǹdó béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi Oǹdó sọkún. Bí wọ́n bá sì lọ ya Òkè Lángbòdó ní Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600, ará àdúgbò ni yóò ṣe òṣèré wọn láǹfààní jù. Ẹni tó bá ti Èkó wá, kó tó gun ìdajì, èémí tó fẹ́ fi sọ gbólóhùn Fágúnwà ti tán.

Ìyá Àkàrà-Ògùn wá ńkọ́? Kò pẹ́ nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni láìsí i kò sí ìtàn. Àṣìṣe tó rọrùn jù ni láti mú ẹni tí wọ́n ti mọ̀ sí àjẹ́. Màmá Margaret Bándélé Ọláyínká, Ìyá Gbonkan, ti ṣe é débi pé òǹwòran á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí màmá tó lanu. Ojú ìyá gidi ni kí wọ́n wá, ẹni tí ọmọ lè sá tọ̀. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ bí ìfẹ́ àti ìkà ṣe ń jọ gbé inú ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹni tó bá wo King of Boys ti 2018 yóò jẹ́rìí. Ìran bíi mẹ́ta péré ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n ó tó.

Ní ti Àgbákò, iwin tí Àkàrà-Ògùn bá jà nínú igbó, ojú mẹ́rìndínlógún ló yí ìdí orí rẹ̀ ká, fìlà irin ló sì dé. Ògúndé fi èéfín, iná àti gígé fíìmù ṣe iwin tirẹ̀, ẹ̀rù sì ba gbogbo ilé sinimá. Aníkúlápó fi kọ̀ǹpútà ṣe àkàlà tó jí òkú. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ojú mẹ́rìndínlógún náà, kò lè ṣe ìjà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé Àkàrà-Ògùn ṣubú lóòótọ́. A ní òṣèré kan rí tí gbogbo ayé ń pè ní Àgbákò: Abdulsalam Sànyàolú, Charles Olúmọ, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2024 lẹ́ni ọdún 101. Bó bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọdé a sá sẹ́yìn àga, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan ńbẹ̀.

Bí wọ́n bá fi ti òǹkọ̀wé yìí ṣe, Adédiméjì ni yóò ṣe Àkàrà-Ògùn ọ̀dọ́. Ẹni tó ṣe Àyìnlá ní 2021, tó sì ṣe Lísàbí ní 2024, ti fi hàn pé òun lè kọrin, pé òun sì lè jagun. Bàbá Ìjàpọ̀ yóò ní kí ọmọ òun má yọ̀ jù. Ẹni tí kò lórúkọ rárá ni kó ṣe Kàkó. Àgbàlagbà Àkàrà-Ògùn àti Ìrágbèje, àgbà ọlọ́gbọ́n tí àwọn ọdẹ bá ní Òkè Lángbòdó, ni wàhálà wà. Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018, Jimi Ṣólàńkẹ́ ní 2024. Ìran Kọ́lá Oyèwọ̀ àti Peter Fátómilọ́lá kì í ṣe ọmọdé mọ́, àwọn ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kàn sí. Bí iṣẹ́ bá ti sú àwọn àgbà yìí, kí àwọn tó ń wá òṣèré má padà sí Èkó. Kí wọ́n wọ iléeṣẹ́ rédíò OSRC ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wá àwọn tó ń ka ìròyìn Yorùbá àti àwọn tó ń kéwì láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn oníjàálá ní abúlé, kí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ojú ìwé kan nínú ọ̀rọ̀ Ìrágbèje láti kọ́ sórí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ọjọ́ púpọ̀ ni àwọn ọdẹ fi gbọ́ ọ, olóòtú fíìmù yóò sì kọ́kọ́ fẹ́ gé e dànù. Ẹni tó bá kà á lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí àwọn tó ń gbé kámẹ́rà fi gbàgbé oúnjẹ wọn, kí wọ́n fún un níṣẹ́, kí wọ́n má sì gé e.